Ìyá Ẹyin àti Àwo Àkọ́kọ́

Ìyá Ẹyin ni gbogbo ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó ń ta ẹyin o. Ẹyin ẹja ló ń tọ́jú. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ilé ńlá kan, fèrèsé rẹ̀ sì ga débi pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì nìkan lèèyàn lè rí. Àwọn àpótí onígíláàsì tò léra wọn títí dé àjà, omi ń hó nínú wọn tọ̀sán-tòru, àwọn ẹja onílà tí kò tó ìka ọmọdé sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan iná láàárọ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ìyá Ẹyin á fi asẹ́ kó ẹyin wọn, á fọ̀ ọ́, á ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, á wá pín ìyókù sínú àwo pẹlẹbẹ tó ní ihò kéékèèké, ẹyin kan sí ihò kan.

Ìdí tí wọ́n fi yan ẹja yìí kò ju pé ẹyin rẹ̀ kò lè fi nǹkan pamọ́. Ó mọ́ gaara bí omi. Téèyàn bá gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù, gbogbo bí ọlẹ̀ ṣe ń di ẹ̀dá ló máa fojú ara rẹ̀ rí: ibi tí ẹ̀yìn ti ń gùn, ibi tí ojú ti ń yọ, àti ọkàn, ọkàn tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tó máa ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì, kì, kì, láìsí ẹni tó sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹyin ti ń rí i láti ọdún gbọọrọ, síbẹ̀ bó bá ti rí i, ó ṣì máa ń mí kanlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n wádìí ohun tó wà nínú oúnjẹ. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe májèlé, oúnjẹ lásán tí olúkúlùkù ń jẹ ni: ata ilẹ̀, aáyù, èèpo ọsàn, ewé, kóró, gbòǹgbò. Wọ́n á yọ èyí tó lágbára nínú rẹ̀, wọ́n á kán an sínú omi ẹyin, wọ́n á wá wo ohun tó máa fi ọlẹ̀ ṣe. Àwọn èèyàn gbà pé ohun tó bá ti hù látinú ilẹ̀ kò lè ṣe aboyún ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè máà jẹ́ òótọ́. Ẹja ni wọ́n ń bi, ẹja kò sì ní ẹnu tó fẹ́ fi purọ́.

Òfin méjì wà níbẹ̀ tí Dókítà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, kì í fi ṣeré. Èkíní, ẹni tó bá máa wo àwo kò gbọdọ̀ mọ ohun tí wọ́n kán sínú rẹ̀. Tépù aláwọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igo, pupa, funfun, àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n ń dán wò wà níbẹ̀, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú náà wà níbẹ̀, kí ojú má bàa lọ rí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Èkejì, àwo àkọ́kọ́ kì í ṣe èsì. Ó dìgbà tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, tó jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n tó la ẹnu. Ìyá Ẹyin gan-an ló máa ń kọ́ àwọn ẹni tuntun lófin yìí. Á dúró síwájú wọn, á fọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, á ní, "Ẹ gbọ́ mi o. Àwo àkọ́kọ́, eré lásán ni. Kò tíì sọ nǹkan kan fún yín." Òun tó ń sọ ọ́ náà ló wá rú òfin méjèèjì láàárín ọjọ́ kan sí èkejì.

Ẹni tó ń po nǹkan fún wọn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́n. Ó ti gbéyàwó tipẹ́, ó ti bímọ, kódà ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é ní Àpọ́n, orúkọ ọ̀hún ti lẹ̀ mọ́ ọn lára pátápátá. Èèyàn dáadáa ni, aláwàdà ni, àmọ́ wàrà-wàrà rẹ̀ pọ̀ jù. Yàrá tirẹ̀ wà lókè. Bó bá ti po nǹkan tán, á kó igo sórí àtẹ, á gbé e sọ̀ kalẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó gbé àtẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ìyá Ẹyin, ẹ káàárọ̀ o. Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọn ò tíì yọ ẹsẹ̀ ni."

"Ẹja wo ló ń yọ ẹsẹ̀?"

"Ìwọ tó o yọ ẹsẹ̀, kí ló dé tó o fi ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́?"

Àpọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó sì gun àtẹ̀gùn padà lọ. Ìyá Ẹyin wọ ìbọ̀wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó mú igo onítépù pupa, ó ṣí i, òórùn kan sì ta sí i nímú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

Ó mọ òórùn náà. Ó jọ òórùn nǹkan tó fẹ́ jóná àmọ́ tí kò tíì jóná, ó sì tún fi díẹ̀ jọ ti ọṣẹ. Kóró dúdú ni. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í tà á. Àwọn kan ń wọ́n ọn sórí búrẹ́dì, àwọn míì ń sè é mu bíi tíì. Màmá rẹ̀ kò ní oògùn míì láyé yìí. Ikọ́ dé, kóró dúdú ni; inú ń run ẹnì kan, kóró dúdú ni; bí bàtà bá ń ha ẹni lẹ́sẹ̀, àfàìmọ̀ kó má sọ pé kí wọ́n lọ se kóró dúdú.

Ìyá Ẹyin ti lóyún rí kó tó lóyún ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Nígbà náà, èébì kò jẹ́ kó gbádùn, bí wọ́n bá ti ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ló ń sáré jáde. Màmá rẹ̀ ló gbà á mọ́ra. Láràárọ̀, á se kóró dúdú nínú ìkòkò kékeré, á sẹ́ ẹ, á gbé e wá fún un bó ṣe ń gbóná, á sì dúró tì í títí yóò fi mu ún tán. Èébì dá. Ọlẹ̀ sọ, inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, ọlẹ̀ kò sọ mọ́. Ọmọkùnrin tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ kò ké. Dókítà tó gbẹ̀bí náà nílé ìwòsàn ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀! Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò.

Ọmọ náà kò wá lọ. Ká sòótọ́ ọ̀rọ̀, kò fi obìnrin yìí sílẹ̀ rí. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni òun náà ń dàgbà. Ìyá Ẹyin á wà níbùdókọ̀, á rí géńdé kan tó dúró ti òpó, á ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó ṣe yẹ kó ga tó báyìí nìyẹn. Bó bá ń to àwo sórí tábìlì nílé, ọwọ́ rẹ̀ á mú àwo kan lé, á sì rọra dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Èyí tó burú jù ni ti ìdí máíkíróskóòpù. Nígbà míì tó bá tẹrí ba síbẹ̀, tó ń wo ọkàn ẹja, á máa ṣe é bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, tó na ọrùn kóun náà lè rí i. Kì í bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù. Ó mọ̀ pé bóun bá bojú wẹ̀yìn, òun kò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ṣòro. Ó yẹ kó lọ bá Dókítà, kó ní, "Mo ti gbóòórùn ohun tó wà nínú igo, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi wò ó." Ohun tí òfin wí nìyẹn. Kò lọ. Ó kán an sínú àwo, ó kán ti àwọn tépù yòókù náà, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tó ń móoru, ó sì lọ fọwọ́. Oorun kò kan ojú rẹ̀ dáadáa títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tó padà dé, àwo onítépù funfun ló kọ́kọ́ wò. Ọkàn wọn ń lù geere. Ó wo ti àwọ̀ ewé, bákan náà ni. Ó wá gbé àwo pupa sábẹ́ máíkíróskóòpù, ó fi ojú sí i. Omi ti wú yí ọkàn àwọn ọlẹ̀ náà ká bí àpò. Ojú àwọn mìíràn ti sún mọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ ti dákẹ́. Ó rí ọ̀kan tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, kì, ó dúró, kì, ó tún dúró pẹ́, kì. Ìyá Ẹyin ń retí òmíràn. Kò sí òmíràn.

Ẹni tó máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ ti dé. Lọ́jọ́ náà, ó dà bíi pé ó ń mí sí i lọ́rùn.

"Òun nìyẹn," ni Ìyá Ẹyin wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láìgbé orí sókè. "Ohun tó ṣe ọ́ nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbànújẹ́ nìkan kọ́ ló bá a. Ara rẹ̀ tún silẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ti ń ru ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó wá rí ibi sọ̀ ọ́ sí. Ọdún mélòó ló ti fi ń bi ara rẹ̀ ní ìdí, tí gbogbo èèyàn ń sọ fún un pé ó máa ń ṣẹlẹ̀? Ìdí rèé lábẹ́ ojú rẹ̀. Ó fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí òórùn igo ti ta sí i nímú.

Àfi bó ṣe rántí ilé lójijì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé. Ọkọ ọmọ náà rìnrìn àjò iṣẹ́, ó sì ní kí ìyàwó òun wá gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí yóò fi bímọ. Oyún náà ti hàn dáadáa, síbẹ̀ èébì kò tíì fi í sílẹ̀. Ta ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láràárọ̀, bí kò ṣe màmá Ìyá Ẹyin tí gbogbo wọn jọ ń gbé? Ìyá Ẹyin kò dágbére fún Dókítà. Ó fa ìbọ̀wọ́ bọ́, ó mú báàgì, ó jáde.

Ọkọ̀ tó wọ̀ kò yára, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Ó jókòó síbẹ̀, ó di irin iwájú rẹ̀ mú. Nígbà tó gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé òkè, ó ti gbóòórùn náà kó tó ṣílẹ̀kùn.

Màmá rẹ̀ dúró nínú kíṣìnnì, asẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ti dàgbà gan-an, ó ti ń tẹ̀, àmọ́ ìdí sítóòfù ni ara rẹ̀ ti ń yá. Ọmọbìnrin náà jókòó sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀pù mú.

"Mọ́mì, ẹ ti tètè dé lónìí," ni ọmọbìnrin náà wí.

Ìyá Ẹyin gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká kúkú sọ pé ó já a gbà, nítorí tíì gbígbóná náà dà sórí tábìlì, ó sì ta sí ọmọ náà lọ́wọ́. Ó da ìyókù nù, ó da ti inú ìkòkò náà nù, ó gbé ike tí kóró náà wà nínú rẹ̀, ó jù ú sínú ìdọ̀tí.

"Kí ló dé?" ni màmá rẹ̀ ń bi í. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

Bó bá jẹ́ pé ó jókòó, kó mu omi, kó mí díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀. Kò jókòó. Ó yíjú sí ìyá tó bí i, ó ní, "Màámi, ẹ ti fi pa ọ̀kan fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa ìkejì."

Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀, ó wo asẹ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó wá rọra gbé asẹ́ náà kalẹ̀ bí ohun tó lè fọ́. Kò bá a jiyàn. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́ yín?"

"A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fojú mi rí i."

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò wọ kíṣìnnì mọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́, á dúpẹ́, bí àlejò. Á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ díẹ̀, á kọjú sí ògiri. Ohun tó ya Ìyá Ẹyin lẹ́nu, tó sì ń bí i nínú díẹ̀, ni pé ó ń sùn. Obìnrin tí kì í sùn mọ́jú, tó máa ń fi bàtà wọ́lẹ̀ káàkiri ilé kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó ń sùn fọnfọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà lọ dúró síwájú rẹ̀, ó gbé ikùn ró. "Màmá àgbà, ẹ wá fọwọ́ kàn án, ó ń tàpá."

Ìyá àgbà kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. "Rárá o, ọmọ mi. Ọwọ́ mi yìí kò dáa."

Ọmọbìnrin náà jáde síta, ó ń sunkún, ó bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀. "Mọ́mì, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ sí wọn."

"Kí ni kí n bẹ̀ wọ́n fún? Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Mi ò sọ pé ẹ purọ́. Mo ní ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Ìyá Ẹyin kò lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti gba ọmọ kan là, pé ẹni tó gba ọmọ là kò jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀, tó tún ń sọ ọ́ bó ṣe ń fọ ẹyin. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì, ẹni tó máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ kò wá mọ́. Ó yẹ kó jẹ́ ìsinmi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń tutù, ó sì ń bojú wẹ̀yìn ṣáá báyìí, òun tí kì í bojú wẹ̀yìn tẹ́lẹ̀.

Níbi iṣẹ́, Dókítà ti wo àwo àkọ́kọ́, kò sì rẹ́rìn-ín. "Èyí ti mọ́ jù," ni ó wí. "Gbogbo ti funfun yè, gbogbo ti pupa kú. Kóró tí gbogbo ayé ń jẹ! Ó ń fu mí lára." Ó ránṣẹ́ pe Àpọ́n. Àpọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ń súfèé.

"Báwo lo ṣe po ti onítépù pupa?"

"Hẹn, ìyẹn fún mi níṣẹ́, Dókítà. Ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀, kò gbà láti yọ́ nínú omi. Mo wá ń bu sípírítì sí i, mo ń bu ú, títí ó fi mọ́."

"Ti funfun ńkọ́, tí kò ní nǹkan nínú? Báwo ni sípírítì tó o bu sínú ìyẹn ṣe tó?"

Àpọ́n dáwọ́ súfèé dúró. Ó họ orí. "Omi ni mo bu síbẹ̀."

Omi inú àpótí ń hó lọ ní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá bá wọn ṣiṣẹ́ rí lè má tètè rí ohun tó wọ́: ohunkóhun tí wọ́n bá fi yọ́ ohun tí wọ́n ń dán wò, iye kan náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ bù sínú igo tí kò ní nǹkan nínú, kí ìyàtọ̀ má bàa ju ẹyọ kan lọ. Bí igo kan bá mu sípírítì, tí í ṣe ọtí líle, tí èkejì sì mu omi, èwo ni èèyàn fẹ́ sọ pé ó pa ẹja, ọtí ni àbí kóró? Ìyá Ẹyin ti mọ ìdáhùn kí Dókítà tó sọ pé kí wọ́n tún un ṣe. Ó ṣáà ń gbàdúrà sínú pé kí òun máà mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún un ṣe. Sípírítì lásán, láìsí kóró, wú ọkàn àwọn ọlẹ̀ náà, ó sì dá a dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Kóró dúdú tí wọ́n rọra fi sípírítì bíńtín yọ́ kò ṣe nǹkan kan. Ọkàn ń lù. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ọkàn ń lù. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Ẹyin tẹ ojú mọ́ máíkíróskóòpù títí omi fi bò ó lójú, gbogbo wọn ló ń lù, kì, kì, kì, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

Àpọ́n wá bá a nígbà tí iṣẹ́ parí. Ojú ń tì í. "Ẹ má bínú sí mi, Ìyá Ẹyin. Mo fi ẹyin yín ṣòfò. Àmọ́ a dúpẹ́, ẹyin lásán náà ló bà jẹ́."

Ó wò ó. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tó lè fi lu ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, àmọ́ kí ló fẹ́ sọ? Àpọ́n kọ́ ló ní kó gbé ọ̀rọ̀ àwo àkọ́kọ́ relé. "Máa lọ sílé," ni ó wí fún un. "Lọ bá ìyàwó rẹ."

Ó lọ bá Dókítà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. "Ṣé ohun tí à ń wí ni pé kóró yẹn kò lè ṣe ọmọ inú ní nǹkan?"

"Ohun tí à ń wí ni pé kò ṣe ẹja ní nǹkan, níwọ̀n tá a fún un. Ẹja kì í ṣe èèyàn, Ìyá Ẹyin, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Dókítà."

Nígbà tó délé, ọmọbìnrin náà wà ní pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí àga. Ìyá Ẹyin kọjá lára rẹ̀, ó wọ yàrá lọ bá màmá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì. Eékún rẹ̀ dùn ún, kò bìkítà.

"Màámi, kì í ṣe kóró yẹn. Àṣìṣe ni. Sípírítì tí wọ́n fi pò ó ló pa àwọn ẹja. Kóró yẹn kò ṣe nǹkan kan."

Ìyá àgbà rọra yí ojú kúrò lára ògiri. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ ò tíì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ tó o wá bá mi ní kíṣìnnì."

"A ò tíì ṣe é." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ẹ forí jì mí, Màámi. Ẹ̀rù ọmọ yìí ló bà mí. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, mi ò sì mọ̀ bí mo ṣe lè gbé e padà sẹ́nu."

Ìyá àgbà na ọwọ́, ó fi ìka nu omi lójú ọmọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Èmi ni mo wẹ ọmọ yẹn. Wọn ò jẹ́ kó o rí i, wọ́n ní á dùn ẹ́ jù. Èmi rí i. Ara ẹ̀ pé, kò sí ohun tó kù síbì kankan. Mo yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mò ń wá ohun tó ṣe é, mi ò rí nǹkan kan. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá a. Mi ò sọ fún ẹ. Ìdí tí mi ò fi ń sùn nìyẹn. Nígbà tó o wá sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ sí pé èmi ni, ó wọ̀ mí légungun. Àmọ́ mo ní, ó ṣe tán, a ti rí i. Mo sì sùn."

Ó mú ọwọ́ kúrò lójú ọmọ rẹ̀.

"Kí ló wá pa á?"

Obìnrin tó ti fojú wo ọkàn tí kò lóǹkà bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń dákẹ́ gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀. "Mi ò mọ̀, Màámi," ni ó wí.

Ìyá àgbà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Á jẹ́ pé ká tún máa wá a."

Ọmọbìnrin náà pariwo láti pálọ̀ pé ọmọ ń tàpá o, ó ń tàpá gidi, ta ló fẹ́ wá fọwọ́ kàn án?

Ìyá àgbà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Sọ fún un pé mò ń bọ̀," ni ó wí, àmọ́ kò dìde.